Ẹja ń bẹ, omi ń bẹ, gọ́ọ̀fù náà ń bẹ: Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà nídìí fàájì tí wọ́n ń ṣe létíkun Beaufort

Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Kí ọmọ fẹ́ lọ ro koríko ojú oórì baba ẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ kan tó dúró sẹ́nu géètì dá mọ́tò ẹ̀ dúró, kó ní kó mú ìwé àṣẹ wá kó tó lè kọjá. Bó bá wọlé tán, kó wá rí i pé àwọn ilé alájà tí àwọn olówó ń háyà fún ìsinmi ti yí ibojì náà ká, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù sì ń gbá tiwọn lọ nítòsí ibẹ̀, wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹ má pè é ní àlọ́ o. Itẹ́ òkú Braddock Point ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní erékùṣù Hilton Head, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, l'Amẹ́ríkà. Àwọn ẹrú àti ọmọ ẹrú ni wọ́n sin síbẹ̀. Ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ṣì wà láyé.

Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ sápá ibẹ̀, kò sí ìbànújẹ́ kankan ńbẹ̀. Ibi fàájì ni. Hilton Head wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Beaufort, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ni ìlú Beaufort fúnra ẹ̀, tí kò tó wákàtí kan àtààbọ̀ síra wọn. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Atlanta, bí wọ́n bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tàbí márùn-ún ni wọ́n máa fi wakọ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá gba Savannah wọlé, bíi wákàtí kan ló kù fún un. Ẹja pípa ń bẹ, ọkọ̀ wíwà ń bẹ, kẹ̀kẹ́ gígùn ń bẹ, bíìṣì tó lọ salalu ń bẹ. Owó nìkan lèèyàn máa wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ ná, nítorí ó máa ń kó ojú ti àlejò. Beaufort méjì ló wà létíkun yẹn. Èyí tó wà ní North Carolina, "Bófọ̀ọ̀tì" ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wà ní South Carolina tí ọ̀rọ̀ kàn yìí, "Bíúfọ̀ọ̀tì" ni. Ẹni tó bá débẹ̀ tó pe èkejì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mọ̀ pé àjòjì ni.

Ọdún 1711 làwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlú náà dó. Charleston nìkan ló jù ú lọ lọ́jọ́ orí ní gbogbo South Carolina. Kódà, àwọn Faransé ti dé erékùṣù Parris tó wà nítòsí ibẹ̀ láti 1562, àwọn ará Sípéènì sì tẹ̀ lé wọn dé ní 1566, kò pẹ́ kò jìnnà kí gbogbo wọn tó kó ẹrù wọn lọ. Lónìí, orí Parris Island yẹn kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Marines. Èèyàn á máa rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lábẹ́ igi, á máa gbọ́ ìró ìbọn tí àwọn yẹn fi ń dánra wò lọ́nà jíjìn.

Igi tí wọ́n ń wí yìí, àwọn igi ńlá tó na apá sórí títì ni, tí nǹkan kan tó dà bí irùngbọ̀n bàbá arúgbó sì ń so rọ̀ lára wọn. Spanish moss ni wọ́n ń pe irùngbọ̀n náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí ó ṣì máa wúlò níwájú.

Ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ lọ ṣeré níbẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni bí omi ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Wọ́n ń pè é ní odò Beaufort, ṣùgbọ́n kì í ṣe odò gidi, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀ ni, bí ọ̀sà tiwa. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Bó bá kún, bíi ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8 ló fi ń ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Èèyàn tó ga dáadáa á dúró síbì kan láàárọ̀ tí omi ò dé orúnkún ẹ̀, kó tó di ọ̀sán, omi ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wa ọkọ̀ kékeré lọ sáàárín koríko, tó ń wo ẹyẹ, tí kò wo aago, á kàn ṣàdédé rí i pé omi ti sá lọ lábẹ́ òun, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sórí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Kò sì gbọdọ̀ sọ pé òun á bọ́ sílẹ̀ kóun rìn jáde, torí ẹrẹ̀ yẹn, ó máa ń gbé èèyàn mì dé itan, ó tún ń rùn. Ńṣe ló máa jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀ bíi wákàtí mélòó kan títí tí omi á fi padà wá bá a. Àwọn ará ibẹ̀ kì í jáde láìwo ìwé tó ń sọ àkókò tí omi á kún àti ìgbà tó máa fà. Àlejò tó gbọ́n, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa ṣe nìyẹn, kó tó wá bàtà tàbí fìlà.

Nínú omi yìí ni gbogbo ọrọ̀ ibẹ̀ wà. Edé ń bẹ, akàn ń bẹ, ẹja pupa ńlá tí àwọn apẹja ń fẹ́ràn láti bá jà ń bẹ. Ẹja kan tún wà tí wọ́n ń pè ní cobia, tó máa ń wọlé láti òkun nígbà tí ooru bá bẹ̀rẹ̀, ẹja abara líle tó lè fa ìwọ̀ àti apẹja lọ sínú omi. Nítorí pé wọ́n pa á jù, ìjọba ìpínlẹ̀ ti òfin mọ́ ọn: nínú omi ìpínlẹ̀ lápá ibẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pa cobia gbé lọ ilé láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, owó ìtanràn ni. Ẹni tó bá sì ti pé ọdún 16, tó fẹ́ dá ìwọ̀ tàbí àwọ̀n sómi fúnra ẹ̀, ó gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí a máa ń sọ pé "omi Ọlọ́run ni", ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ lẹ́tí àwọn ẹ̀ṣọ́ omi South Carolina.

Èyí tó dùn jù níbẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀ rárá, àwọ̀n ni. Àwọ̀n tí wọ́n máa ń jù, tó máa ń là bí agbòòrùn lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀ sómi. Àwọn ará Gullah, ìyẹn àwọn dúdú tó ni erékùṣù ibẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun ún látayébáyé, bàbá á kọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ti rí àwọn apẹja l'Ẹ́pẹ́ tàbí ní Mákòkó tí wọ́n ju àwọ̀n, bó bá rí ti Gullah, á rò pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Àlejò tó bá gbà á lọ́wọ́ wọn láti jù ú wò, ìgbà àkọ́kọ́ á kó jọ gbẹ̀ú bí aṣọ tútù, wọ́n á sì fi ṣẹ̀fẹ̀.

Tí wọ́n bá pa edé tán, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Frogmore stew. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, kò sí ọ̀pọ̀lọ́ kankan ńbẹ̀. Frogmore lorúkọ ibì kan ní erékùṣù St. Helena. Edé, àgbàdo, ọ̀dùnkún àti sọ́sééjì ni wọ́n ń bọ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan, wọ́n á dà á sórí bébà lórí tábìlì, oníkálùkù á máa fọwọ́ mú. Ìrẹsì pupa náà ń bẹ tí wọ́n ń fi tòmátì sè. Ọmọ Yorùbá tó bá tọ́ ọ wò ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ibi tí àbúrò jọ̀lọ́ọ̀fù ti débẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bíìṣì, Hunting Island ni kó lọ. Ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ ni, bíi máìlì 16 sí ìlú, ilẹ̀ ibẹ̀ tó éékà 5,000, etíkun ẹ̀ sì gùn tó máìlì 5. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́wàá ńbẹ̀, igbó, yanrìn àti òkun ni. Àwọn tó ṣe fíìmù Forrest Gump tó jáde ní 1994, apá ibẹ̀ ni wọ́n ti ya ibi tó dà bí igbó ogun Vietnam. Ijàpá òkun ńláńlá máa ń gòkè wá yé ẹyin síbẹ̀ láti oṣù karùn-ún lọ, nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan iná kiri etíkun lálẹ́, kó má baà ṣi ọ̀nà mọ́ wọn lójú. Ọ̀nì náà ń bẹ nínú omi tó wà láàárín igbó, òun ò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Ilé iná gogoro kan wà níbẹ̀ tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ òkun láyé ìjọ́un. 1859 ni wọ́n kọ́ èyí àkọ́kọ́, ó bá ogun abẹ́lé lọ. Ní 1875, wọ́n kọ́ òmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́gbọ́n: irin ni wọ́n fi ṣe é, ní abala abala, kí wọ́n lè tú u bí òkun bá lé wọn dé. Òkun ò sì jẹ́ kó pẹ́. Ní 1889, wọ́n tú ilé náà, wọ́n gbé e wọ inú erékùṣù ju máìlì kan lọ, wọ́n tún un tò. Àtẹ̀gùn 167 ló wà nínú ẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀ fún àtúnṣe nítorí irin tó ti ń sán, nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ gùn ún kọ́kọ́ béèrè kó tó fi ọkàn sí i. Òkun ọ̀hún ò tíì dẹ́kun jíjẹ ilẹ̀. Ìjì Matthew tó jà ní oṣù kẹwàá 2016 gé igi lulẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, wọ́n sì ti ọgbà náà pa fún oṣù púpọ̀. Títí dòní, èèyàn á rí àwọn igi tó ti kú, tí wọ́n dúró fúnfun nínú omi iyọ̀ bí egungun.

Ìjì tó burú jù nínú ìtàn wọn ni ti ìparí oṣù kẹjọ 1893. Bíi 2,000 èèyàn ló kú láwọn erékùṣù náà, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni dúdú, àwọn mẹ̀kúnnù tí ilé wọn wà nísàlẹ̀ létí omi.

Àwọn tí kò bá fẹ́ràn omi, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Spanish Moss Trail. Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni, wọ́n hú irin kúrò, wọ́n da kọnkéré sí i, ó di ọ̀nà àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń sáré láàárọ̀, bíi máìlì 10. Mọ́tò ò gbọdọ̀ gbabẹ̀. Oòrùn ni kéèyàn ṣọ́ra fún níbẹ̀, òun nìkan ni.

Nígbà tí wọ́n bá wọ àárín ìlú láti lọ jẹun, wọ́n á rí àwọn ilé àtijọ́ ńláńlá, onígbò funfun, tó lẹ́wà débi pé àwọn tó ń ṣe fíìmù ò yé lọ síbẹ̀. Báwo ni ilé wọ̀nyẹn ṣe ṣẹ́kù nígbà tí ogun abẹ́lé jó ti àwọn ìlú míì lẹ́yìn gúúsù? Ìtàn ibẹ̀ gan-an lèyí. Ní ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá 1861, ọkọ̀ ogun ìjọba àríwá dé ẹnu omi Port Royal, wọ́n fi àgbá yìnbọn láti àárọ̀. Àwọn òyìnbó tó ni oko òwú gbọ́, ẹsẹ̀ wọn ò balẹ̀. Wọ́n fi oko sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, oúnjẹ ẹlòmíì wà lórí tábìlì. Àwọn dúdú tí wọ́n ti ń sìn wọ́n, tí wọ́n tó bíi 10,000, wọ́n ní àwọn ò bá wọn lọ. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tí òógùn wọn ti ń kán sí láti ọdún gbọ́nhan. Bó ṣe di pé àwọn dúdú ibẹ̀ gba òmìnira nìyẹn, kí àwọn yòókù l'Amẹ́ríkà tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 1862, wọ́n dá ilé ìwé Penn sílẹ̀ fún wọn ní erékùṣù St. Helena. Ó ṣì wà níbẹ̀, Penn Center lorúkọ ẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni Martin Luther King àti àwọn èèyàn ẹ̀ máa ń sá wá ṣèpàdé láwọn ọdún 1960, nígbà tó jẹ́ pé kò síbi tí dúdú àti funfun lè jókòó pọ̀ láìsí ìjàngbọ̀n lágbègbè yẹn. Ìjọba Obama sọ ibẹ̀ àti àwọn ibi mélòó kan ní Beaufort di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 2017, nígbà tó di 2019, ó di ọgbà ìtàn ìjọba àpapọ̀.

Ẹnì kan wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ìlú yẹn kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀: Robert Smalls. Ilé kan ní òpópónà Prince ni wọ́n ti bí i sí ìdè ẹrú ní 1839, lẹ́yìn ilé ọ̀gá ẹ̀. Wọ́n mú un lọ Charleston, ó di ẹni tó ń tukọ̀ nínú ọkọ̀ ogun gúúsù kan tí wọ́n ń pè ní Planter. Lóru ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún 1862, àwọn ọ̀gá òyìnbó inú ọkọ̀ náà lọ sùn sílé. Ọ̀gbẹ́ni yìí dé fìlà kọ́mándà, ó gbé ọkọ̀ náà jáde, ó lọ gbé ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ àti àwọn ẹrú yòókù, ó ń fun fèrè níwájú gbogbo ilé ìbọn bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe máa ń fun ún. Àwọn ṣọ́jà dáhùn, wọ́n ní kó máa lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ó ti gbé aṣọ ìbùsùn funfun sókè fún ọkọ̀ ogun àríwá. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà! Ó padà sí Beaufort, ó sì ra ilé ọ̀gá ẹ̀ àtijọ́ nígbà tí ìjọba ń lu ilé àwọn tó sá lọ ní gbàǹjo nítorí owó orí. Ó di aṣòfin ní Washington. Ilé náà ṣì wà, ilé àdáni ni, òde lèèyàn ti máa wò ó. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Tabernacle Baptist ni wọ́n sin Smalls sí, ní 2024 ni wọ́n sì gbé ère Harriet Tubman dúró síbẹ̀, ìyáàfin tó bá àwọn ṣọ́jà lọ sí odò Combahee ní 1863 lọ kó ẹrú tó lé ní 700 bọ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn eré ìdárayá, ìtàn tiwọn náà wà ńbẹ̀. Joe Frazier, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó kọ́kọ́ na Muhammad Ali, ọmọ agbègbè Beaufort ni. 1944 ni wọ́n bí i sí ìdílé àgbẹ̀ Gullah. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sí jíìmù, kò sí àpò ẹ̀ṣẹ́. Ó wá àpò kan, ó kó àkísà, ṣúkù àgbàdo àti bíríkì sí i, ó fi Spanish moss ìjẹ́ta yẹn kún un, ó so ó rọ̀ sára igi, ó ń lù ú lójoojúmọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan tún lé e nígbà kan, ó ṣubú, apá òsì ẹ̀ kán, kò sówó dókítà, apá náà ò wá nà tán mọ́ títí ayé. Apá kákò yìí ni ẹ̀ṣẹ́ òsì tí gbogbo ayé bẹ̀rù! Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó wọ bọ́ọ̀sì kúrò nílé, torí pé ayé dúdú ò rọrùn ní gúúsù nígbà náà. Ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 1964. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta 1971, ní New York, ó gbé Ali ṣánlẹ̀ ní ráńdì kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ṣẹ́ òsì yẹn ló lò. Ó kú ní 2011.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi di wàhálà? Ẹ wò ó, lẹ́yìn ogun, àwọn dúdú ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dá oko, wọ́n ń pẹja. Kò sí afárá, òyìnbó ò sì fẹ́ràn erékùṣù tí ẹ̀fọn kún. Àwọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn tó ń gbé Hilton Head. Nígbà tó di 1956, wọ́n ṣí afárá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé fàájì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù dé, géètì dé, owó ẹnu géètì dé. Láti 1969 ni wọ́n ti ń gbá ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan ní Harbour Town lọ́dọọdún, Arnold Palmer ló gba ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ dé o, ẹ má jẹ́ ká purọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ Gullah ń rí iṣẹ́ ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n owó orí ilẹ̀ fò sókè, torí pé ilẹ̀ tí pápá gọ́ọ̀fù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, iye tí ìjọba ń fojú wò ó á pọ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́ ò lè san owó orí ilẹ̀ olówó. Bí kò bá san, gbàǹjo.

Èyí tó wá burú jù ni ilẹ̀ ẹbí. Ọmọ Ìkòròdú tàbí Ẹ́pẹ́ kankan ò nílò kẹ́ni máa ṣàlàyé èyí fún un pẹ́. Bàbá bàbá ra ilẹ̀, ó kú láìkọ ìwé ìpíngún, torí kò gbẹ́kẹ̀ lé lọ́yà òyìnbó. Ọmọ mẹ́jọ jogún ẹ̀, wọ́n bí ọmọ, ọmọ bí ọmọ, gbogbo wọn ló ni ilẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó ni ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀. Díẹ̀ ń gbé orí ilẹ̀, àwọn yòókù ti lọ Philadelphia, wọ́n ti lọ New York. Ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì á lọ bá ọ̀kan tí kò tiẹ̀ mọ ojú ilẹ̀ náà rí, á fún un lówó táṣẹ́rẹ́ ra ìpín ẹ̀. Ó parí! Ó ti di ará ẹbí lójú òfin nìyẹn. Á gba kóòtù lọ, á ní kí wọ́n ta ilẹ̀ náà kí wọ́n pín owó. Kóòtù á ta á, òun náà ni á sì rà á. Bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ṣe lọ nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni.

Òfin tuntun dé ní 2017 ní South Carolina láti dín irú ẹ̀ kù: ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tó fẹ́ ta, kóòtù sì gbọ́dọ̀ díye lé ilẹ̀ dáadáa. Wọ́n fi orúkọ Clementa Pinckney pe òfin náà, pásítọ̀ àti sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Charleston ní 2015. Beaufort ni wọ́n bí òun náà sí.

Àwọn ará St. Helena, tí wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Hilton Head, wọn ò dúró de ìyẹn. Láti 1999 ni wọ́n ti mú kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí pápá gọ́ọ̀fù, kò gbọdọ̀ sí ilé fàájì ńlá, kò gbọdọ̀ sí àdúgbò onígéètì lórí erékùṣù wọn. Nígbà tó di 2023, ẹnì kan tó ti ra ilẹ̀ tó tó bíi éékà 500 ní Pine Island níbẹ̀ ní òun fẹ́ ṣe pápá gọ́ọ̀fù sí i, ó ní òun á tọ́jú ilẹ̀ ju ẹni tó máa kọ́ ilé kún un lọ. Àwọn Gullah tú jáde lọ sípàdé, àgbà àti ọmọdé, pẹ̀lú àwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn wọn. Ìgbìmọ̀ ní rárá. Ọkùnrin náà gba kóòtù lọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé téèyàn bá gba ọ̀nà Hunting Island lọ bíìṣì, gbogbo St. Helena tó máa là kọjá, oko tòmátì, ilé kékeré tí wọ́n kun fèrèsé ẹ̀ ní aró kí ẹbọra má baà wọlé, àti àwọn tó ń ta edé lẹ́bàá títì ló máa rí. Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá dé apá ibẹ̀, ó níbì kan tó gbọ́dọ̀ yà sí kó tó padà. Nítòsí Sheldon, lójú ọ̀nà tó lọ sí Charleston, pátákó kan wà tó ń sọ fún àlejò pé ó ti kúrò l'Amẹ́ríkà, ó ti wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́túnjí lorúkọ abúlé náà. Ọmọ Detroit kan tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Walter King tẹ́lẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1970. Ó ti lọ gba òrìṣà ní Matanzas ní Kúbà ní 1959, ó tẹ̀fá l'Abẹ́òkúta ní 1972, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé sì ni kí wọ́n fi í jẹ ọba n'Ifẹ̀ ní 1981. Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi Kìíní ló wá di. Ó wàjà ní 2005, ọmọ ẹ̀, Ọba Adéjúyìgbẹ́ Adéfúnmi Kejì, gorí oyè, òun náà wàjà ní 2024. Ojúbọ Ògún, Ṣàngó àti Ọ̀ṣun wà níbẹ̀ lábẹ́ igi onírùngbọ̀n wọ̀nyẹn. Wọn kì í ṣe Gullah, ẹ má pa wọ́n pọ̀: ọ̀pọ̀ Gullah ni baba ńlá wọn wá láti ilẹ̀ Sierra Leone àti Àǹgólà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ti Yorùbá nínú wọn. Ṣùgbọ́n aládùúgbò ni wọ́n.

Ní ti àkókò, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún dára, oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá náà dára. Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Gullah ní Beaufort, oṣù keje ni ọdún omi tí wọ́n ti ń ṣe láti 1956, oṣù kọkànlá ni ti Penn Center. Oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ni ìjì máa ń jà jù, kí wọ́n gbọ́ rédíò kí wọ́n tó gbéra. Ẹ̀fọn pọ̀, ṣùgbọ́n kantíkantí ibẹ̀ ló ń lé èèyàn sílé, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Wọ́n kéré débi pé ojú ò rí wọn, aṣọ àwọ̀n ò dá wọn dúró, àwọn apẹja ibẹ̀ kàn ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru ni, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.